Ẹ̀yìn Ríro Tó Dé Ẹsẹ̀: Ọ̀rọ̀ Wákàtí Ni, Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Oṣù

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa rẹ́rìn-ín, pé kí ló tuntun nínú ìyẹn? Ta ni ẹ̀yìn kò ro rí láàrin wa? Ẹni tó bá kọ ebè iṣu láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí ẹ̀yìn kò ro ó, a jẹ́ pé kò kọ ebè náà dáadáa ni. Ohun tó sì ń pa wá lára gan-an nìyẹn. Ẹ̀yìn ríro ti wọ́pọ̀ láàrin wa débi pé bí ẹnì kan bá ní ẹ̀yìn ń ro òun, etí wa ò gbọ́ ọ mọ́. A ó ní kó lọ ra róòbù, kó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kí ó dojú bolẹ̀ kí ọmọ kékeré gun ẹ̀yìn rẹ̀, kó máa rìn lórí rẹ̀ fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara á tu onítọ̀hún, ó sì tán síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ríro kan wà tí kì í ṣe ti ebè. Òun ni èyí tó ń ti ẹ̀yìn bọ́ sí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa wúwo, á máa ṣe ènìyàn bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ̀, títí ìtọ̀ á fi di ìṣòro. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ róòbù. Ohun kan ló ń tẹ okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn onítọ̀hún, bí a kò bá sì tètè gbé ohun náà kúrò, ó lè má rìn mọ́ láyé rẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ló mú kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ̀rọ̀ náà ṣùgbọ́n kí a fi orúkọ òun sílẹ̀. Oko kan lọ́nà Itapájì ló wà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó gun ọ̀pẹ láti gé ẹyìn. Igbà já. Ó fi ìdí balẹ̀. Kò dákú o. Ojú rẹ̀ là kedere, ó ń sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ ń bú ẹni tó ta igbà náà fún un. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mi àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, gbogbo wọn ló rí i. Àwọn tó wà nítòsí sáré dé. Ọ̀kan ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábẹ́ apá ọ̀tún, èkejì lábẹ́ apá òsì, wọ́n fà á dìde. Wọ́n gbé e ka orí ọ̀kadà, ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó dì í mú, ó di ọ̀nà oko, kòtò lọ́tùn-ún, gegele lósì. Kí wọ́n tó dé títì ọlọ́dà, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ mi, ṣé ó ṣì wà lórí ọ̀kadà yìí? N kò mọ ibi tó wà mọ́ o."

Àwọn tó gbé e, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, ìfẹ́ ni wọ́n fi gbé e. Bó bá jẹ́ àwa ni a wà níbẹ̀, bí wọ́n ti ṣe é náà ni a ò bá ṣe é. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kun ẹran rí mọ ọ̀pá ẹ̀yìn ewúrẹ́. Eegun kéékèèké ló tò léra wọn, ihò sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tò yẹn, àwọn ihò náà di ọ̀nà kan ṣoṣo bíi páìpù. Ohun funfun rírọ̀ kan wà nínú páìpù yìí, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń jà lé lórí nígbà Iléyá àti Kérésìmesì, tí wọ́n á máa fi ẹnu fà á yọ. Ohun funfun yẹn gan-an là ń sọ. Lára ènìyàn, ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba inú ọrùn, ó gba àárín ẹ̀yìn, ó sì parí sí òkè ìbàdí díẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lára àgbàlagbà ọkùnrin, kò sì nípọn ju ọmọ ìka tó kéré jù lọ. Iṣan méjìméjì, ọ̀nà 31, ló ń yà lára rẹ̀ lọ sí apá, àyà, ikùn àti ẹsẹ̀. Ohun tí ọpọlọ bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣe, okùn yìí ló ń gbé e lọ. Ohun tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀gún, ìbáà ṣe iná, okùn yìí kan náà ló ń gbé ìròyìn rẹ̀ padà. Òun náà ló ń bá àpò ìtọ̀ sọ̀rọ̀ pé ó tó àkókò tàbí kò tíì tó.

Eegun ló ṣe odi yí i ká. Odi náà dára, ṣùgbọ́n kò ní àyè. Bí ohunkóhun bá kó wọ inú páìpù yẹn, ìbáà jẹ́ eegun tó fọ́, ìbáà jẹ́ ọyún, ìbáà jẹ́ kókó tó hù, eegun ò ní yà fún un. Okùn rírọ̀ yìí ni yóò fún pọ̀. Ẹ wo rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi á dúró. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, omi á tún máa lọ. Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn jọ rọ́bà yẹn níbi àkọ́kọ́, kò fi gbogbo ìgbà jọ ọ́ níbi kejì. Bó bá pẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibẹ̀ mọ́, ibẹ̀ á wú, wíwú náà á tún fún un sí i, nígbà tó bá yá ibẹ̀ á kú. Èyí tó bá sì ti kú nínú okùn yìí kì í hù padà bí awọ ara ṣe ń hù, kì í jinná bí eegun ṣe ń jinná.

Ìdí nìyí tí a fi ní ọ̀rọ̀ wákàtí ni. Ní 2012, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn 313 tí okùn yìí fara pa ní ọrùn wọn. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wákàtí 24 tó pé, ara tiwọn padà bọ̀ sípò ju ti àwọn tó pẹ́ lọ. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni o, aago ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ oko wá kù. Ẹni tó bá já láti orí ọ̀pẹ, tàbí igi obì, tàbí máńgòrò, tàbí òrùlé, tàbí tí ọ̀kadà gbé ṣubú, tó sì ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, tàbí tí kò sọ̀rọ̀ rárá, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà ná, àfi bí iná bá ń jó bọ̀ tàbí tó bá wà láàrin títì tí ọkọ̀ ń sáré. Ẹ má gbé e jókòó pé ẹ fẹ́ fún un lómi. Ẹ má ní kó gbìyànjú kó dìde ká wò ó. Ẹ wá ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì le: pákó, àkàbà, ìlẹ̀kùn ahéré tí a yọ kúrò lára ògiri, èyíkéyìí tó bá gùn tó o. Ẹnì kan á kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú kó wà lọ́gbọọgba pẹ̀lú ara, kò sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe tán. Ẹni mẹ́ta á kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ọ̀kan níbi èjìká, ọ̀kan níbi ìbàdí, ọ̀kan níbi orúnkún. Ẹni tó di orí mú ló ni àṣẹ; òun ni yóò kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, gbogbo wọn á sì yí i lẹ́ẹ̀kan náà sí ọ̀dọ̀ ara wọn, bí ẹni ń yí ìtí igi tí kò ní oríkèé. Ẹlòmíràn á ti pákó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sórí pákó. Ẹ ká aṣọ méjì, ẹ fi há ọrùn rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kó má bàa yí. Ẹ fi ọ̀já dè é mọ́ pákó níbi àyà, ìbàdí àti ẹsẹ̀, kó má fún un lémìí.

Ọkọ̀ tó ń kó kòkó dára jù fún irú nǹkan báyìí, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí pákó lè nà tán nínú rẹ̀. Ọ̀kadà kò dára, ẹ̀yìn táàsì tí a ó ti ká ènìyàn sínú rẹ̀ bí aṣọ náà kò dára. A mọ̀ pé ọkọ̀ kì í dé gbogbo oko wa. Bó bá jẹ́ wákàtí kan ni ẹ ó fi dúró kí ọkọ̀ tó dé, ẹ dúró. Ọ̀rọ̀ wákàtí ni a pè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí kan tí a fi dúró sàn ju ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi já okùn.

Ẹlòmíràn á bi wá pé, àwọn bàbá wa tó ń to eegun ńkọ́? A kò bú wọn, ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti to apá fún rí. Ṣùgbọ́n eegun apá kò ní okùn nínú. Bí eegun apá bá yẹ̀, ènìyàn lè fà á, kó tún un fà. Eegun ẹ̀yìn tó bá fọ́, tí a fà á tàbí tí a tẹ̀ ẹ́, okùn inú rẹ̀ là ń gé. Bàbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní agbègbè Ọ̀yẹ́ sọ fún wa pé òun kì í fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Òun á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìdó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ẹni tó já nìkan ni nǹkan yìí ń ṣe o. Èyí tó ń rọra wá wà, òun ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù.

Ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, olùkọ́ ni, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó ní àárín méjì gan-an, láàrin ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò gbé nǹkan, kò ṣubú. Ó ń ro ó lóru ju ọ̀sán lọ. Ó ń rù, ó ń làágùn lóru débi pé aṣọ ìbora á tutù. Kò wúkọ́ rárá. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń wá ojútùú káàkiri, àwọn kan ní ọfà ni wọ́n ta á. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ ń fi òróró pa á lẹ́yìn ló bá fọwọ́ kan kókó kan tó yọ láàrin ọ̀pá ẹ̀yìn, bí ìbẹ̀rẹ̀ iké. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gán, tó ń fi í kọ nǹkan bó bá ń rìn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wà nínú eegun láìwúkọ́, àwa náà kò gbà á gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé. Percivall Pott, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣàlàyé iké àti ẹsẹ̀ rírọ yìí ní 1779, orúkọ rẹ̀ náà ni àwọn dókítà ṣì fi ń pe àrùn ọ̀hún títí di òní. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ á gba inú ẹ̀jẹ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró lọ wọ inú eegun ẹ̀yìn, á jẹ eegun méjì tó fara kanra, wọ́n á wó lu ara wọn síwájú, ìyẹn ló ń yọ iké jáde lẹ́yìn. Ọyún rẹ̀ á sì ṣàn wọ inú páìpù tí a sọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ okùn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ dùn sí. Nínú gbogbo ohun tó ń tẹ okùn ẹ̀yìn, èyí wà lára àwọn tó rọrùn jù láti wò, bí a bá tètè mú un. Láyé àtijọ́, ṣe ni wọ́n ń dá aláìsàn dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì funfun bo àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ̀wù. Láti àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Kòríà, ní Hong Kong àti ní ilẹ̀ tó di Sìm̀bábúè lónìí. Wọ́n rí i pé ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ pé, tó ń rìn kiri ilé rẹ̀, ara rẹ̀ ń yá bíi ti ẹni tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ibùsùn. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fúnni ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà. Oríṣi mẹ́rin ni ènìyàn á lò fún oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oríṣi méjì, fún ti eegun gbogbo rẹ̀ sì máa ń tó oṣù 9 sí 12. Ìtọ̀ á pupa bí ọsàn nítorí ọ̀kan nínú oògùn náà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín, ẹ má sì dá a dúró nígbà tí ara bá fúyẹ́ ní oṣù kẹta. Àwọn kan ṣì máa ń nílò iṣẹ́ abẹ láti tú ọyún náà jáde, pàápàá bí ẹsẹ̀ bá ń kú lọ lójú oògùn.

Olùkọ́ tí a ń wí yìí kò nílò iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pá ló fi ń rìn ní oṣù kejì, ó ju ọ̀pá nù ní oṣù karùn-ún. Iké kékeré náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í lọ. Ó ní òun kò bínú sí i, gèlè ni òun fi ń yí ojú àwọn ènìyàn kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ ti lé ní 60 ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Kókó kan wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, prostate ni àwọn dókítà ń pè é. Bí jẹjẹrẹ bá mú un, eegun ẹ̀yìn ló fẹ́ràn láti sá lọ. Bàbá tí ìtọ̀ ti ń ṣe ségesège, tó ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru, tí ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó láìgbé nǹkan kan, kó má dúró de ọjọ́ tí ẹsẹ̀ á kọ̀ṣẹ́. Bákan náà ni obìnrin tó ti ní kókó lọ́mú rí. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 lórí ẹni 101 tí jẹjẹrẹ ń tẹ okùn ẹ̀yìn wọn. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n sì tún fi ìtànṣán ẹ̀rọ wò, 84 nínú 100 ló lè rìn lẹ́yìn ìtọ́jú. Nínú àwọn tí wọ́n fi ìtànṣán nìkan wò, 57 nínú 100 ni. Nínú irú ìtọ́jú méjèèjì, ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn ló ní ìrètí jù láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Jẹjẹrẹ náà lè máà tán, ṣùgbọ́n kí bàbá máa dá lọ sí ilé ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Oògùn kan wà tí dókítà máa ń fún wọn ní kíákíá kí wíwú tó wà níbẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Dexamethasone ni. A dárúkọ rẹ̀ nítorí pé àwa tí a ń ra oògùn ẹ̀yìn ríro lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì ti ń lò ó láìmọ̀, wọ́n ń kó o mọ́ àwọn oògùn inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún wa. Ara á tuni lóòótọ́, àmì tó yẹ kó lé wa dé ilé ìwòsàn á sì fara pamọ́. Oògùn tí dókítà ń fi ra àkókò ni. Ẹ má fi í fi àkókò ṣòfò.

Ti ọrùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọjọ́ orí bá ń gorí ọjọ́ orí, eegun ọrùn á máa hu ẹ̀gún, àwo rírọ̀ tó wà láàrin wọn á máa yọ síta, ẹrù orí kò sì bá wa mú un fúyẹ́. Ẹni tí kò lè de bọ́tìnnì mọ́, tí ṣíbí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le gbagidi bó bá ń rìn, kì í ṣe ogbó lásán ló ń ṣe é. Kó lọ jẹ́ kí wọ́n wo ọrùn rẹ̀.

Ẹnì kan tún lè wà tí ẹ̀yìn ń ro, tí ìdí àti àárín itan rẹ̀ wá kú tipiri, èyí tó fi ń jókòó lórí àga, tí ìtọ̀ kò sì jáde mọ́ tàbí tó ń jáde láìmọ̀. Àwọn iṣan ìsàlẹ̀ okùn yẹn ló fún pọ̀. Ilé ìwòsàn lóòjọ́ náà, bó ṣe òru. Ìtìjú kò gbọdọ̀ jẹ́ ká sọ pé ó di ọ̀la.

Níbo wá ni ká gbà? Láti Ìkọ̀lé, a ó gba Ọ̀yẹ́, a ó gba Ìfàkì, a ó dé Ìdó. Ilé ìwòsàn tí ìjọba àpapọ̀ sọ di Federal Medical Centre ní 1998, tó di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní 2014, ibẹ̀ ni a mọ̀ jù ní apá ọ̀dọ̀ wa. Bí iṣẹ́ náà bá gba ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, tí wọ́n bá ní ẹ máa lọ sí ibòmíràn, ẹ má jiyàn, ẹ má sì gbé e padà sílé láti lọ ṣèpàdé ẹbí. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dé sí UCH Ìbàdàn láti Amẹ́ríkà ní 1962, ó sì fìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1974, ọmọ ọdún 47. Lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélọlá Adélóyè, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé: ọmọ yín wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń tú okùn yìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwa sì ṣì ń fi ọ̀kadà gbé ẹni tó já láti orí ọ̀pẹ.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó já yẹn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nígbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà. Ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà ni. Ẹni tí kò mọ̀ bí ibùsùn ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á jẹrà láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìdí, gìgísẹ̀, ìgbáròkó. Tẹ́lẹ̀ rí, egbò yìí àti àrùn inú ìtọ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ irú ènìyàn báyìí, kì í ṣe ẹ̀yìn náà. Dókítà Ludwig Guttmann, tó sá fún Hitler kúrò ní Jámánì, ló fi ẹ̀kọ́ hàn wọ́n ní Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1944: kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru, kí wọ́n máa tọ́jú ìtọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un níṣẹ́ ṣe. Ní 1948 ó kó 16 nínú wọn jọ lórí kẹ̀kẹ́ láti ta ọfà fún eré ìdíje, ibẹ̀ ni eré Paralympics ti ṣẹ̀. Ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ wa fi aago sí fóònù rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó ń jí ní wákàtí méjì-méjì lóru. Kò ní egbò kankan títí di òní. Bí ẹ bá rí obìnrin náà lọ́jà, ẹ kí i dáadáa.

Òun fúnra rẹ̀ ti ń jókòó ní ibi ìwọn kòkó wa báyìí, òun ló ń kọ òṣùwọ̀n sínú ìwé. Ẹ ti rí i pé ìwé náà ti mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ku èyí tó kan àwa ẹgbẹ́, a kò sì ní fi bò. Ọjọ́ kejì tó já ni àbúrò rẹ̀ wá bá wa fún ẹ̀yáwó pàjáwìrì. Òfin wa ní kó wá oníduròó méjì, kí ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí, ìgbìmọ̀ kì í sì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ọjọ́ 19 ni owó náà fi jáde. Ilé ni wọ́n gbé e sí nínú gbogbo ọjọ́ yẹn, wọ́n ń dúró dè wá. A bi dókítà bóyá ìbá máa rìn lónìí ká ní a ti tètè dáhùn. Kò sọ bẹ́ẹ̀; ó ní ọ̀nà oko yẹn lè ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ náà. Owó ara rẹ̀ ni o, èyí tó ń dá pamọ́ sọ́dọ̀ wa láti ọdún 11.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, a ó gbé e síwájú yín pé kí alága, akọ̀wé àti akápò, bí méjì nínú wọn bá ti fọwọ́ sí i, lè fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ìdajì owó tó ní nípamọ́ lóòjọ́ tí àìsàn pàjáwìrì bá dé, láìdúró de ìgbìmọ̀, kí oníduròó máa bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan lára ìgbìmọ̀ kò fara mọ́ ọn, wọ́n ní àwọn oníjìbìtì á lò ó. Ọ̀rọ̀ wọn náà ní ìdí. Ẹ wá gbọ́ tọ̀tún-tòsì, kí ẹ dìbò.

Káfíńtà ti kan pákó gbígbé méjì fún wa, ó gbẹ́ ihò ọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó so ọ̀já mẹ́ta mẹ́ta mọ́ wọn. Ọ̀kan wà ní ilé ìkókòósí wa, ọ̀kan wà ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ akẹ́rù nídìí ọjà. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìkókòósí wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń kọ òṣùwọ̀n. Ìgbàkígbà tí ẹ bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án, ó ní kí a sọ fún yín pé òun á dáhùn.